Bí Àgbà Bá Ṣubú

Bí a bá wọ kíláàsì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbikíbi ní ilẹ̀ Yorùbá, tí a sì bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọn yóò dà lọ́jọ́ iwájú, kò ní pẹ́ kí a tó gbọ́ 'dókítà'. Bí a bá bi àwọn òbí wọn, ohun kan náà ni a óò gbọ́, ohùn tiwọn yóò sì ròkè ju ti àwọn ọmọ lọ. Orúkọ iṣẹ́ yìí ti di oríkì láàrin wa. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ dókítà kì í jẹ́ Ìyá Túndé tàbí Ìyá Bísí mọ́ ní àdúgbò. Màmá Dókítà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bí ọmọ náà tilẹ̀ wà ní òkè òkun tí kò sì wálé láti ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé àwọn tí ń wá ọ̀nà wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn pọ̀ bí eṣú. Àwọn tí ó bá wọlé ni a ń bá yọ̀. Àwọn tí kò wọlé ni a ń bá kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ kẹta kan wà tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ wọn. Àwọn ni ó ti lọ sí yunifásítì, tí wọ́n ka nǹkan mìíràn, tí wọ́n gba oyè tí kò dára, síbẹ̀ tí ọkàn wọn kò kúrò lára iṣẹ́ ìṣègùn. Ọ̀rọ̀ ti àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí tiwa, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ń jẹ́ Dókítà, ìbáà ṣe nítorí ìwé tí ó kà lórí ewì àti òwe, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá jẹ mọ́ ìwé lọ. Àwọn ìyá wa kan wà nílé tí wọn kò tíì gbà títí di òní pé dókítà tí kò lè gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ wà láyé. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé, láàrin nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ọmọ mẹ́ta láti inú ẹbí wa ni èmi pẹ̀lú wọn jọ jókòó sọ ọ̀rọ̀ kan náà: báwo ni ẹni tí máàkì rẹ̀ kò dára ní yunifásítì ṣe lè di oníṣègùn?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo iwájú nítorí pé ó ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ń wo ẹ̀yìn nítorí pé ó fẹ́ rí ohun tí ó gbé e ṣubú. Bí mo ti ro ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mẹ́ta wọ̀nyí síwá tí mo rò ó sẹ́yìn, mo gbà pé inú òwe yìí ni ìdáhùn ìbéèrè náà wà. Gbogbo ẹni tí ó ṣubú ni ó máa ń fẹ́ dìde. Wíwo ẹ̀yìn ni kò wọ́pọ̀.

Ọmọ àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Obìnrin ni. Ìmọ̀ ìṣègùn ni ó kọ sínú ìwé JAMB nígbà tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ kò tó, yunifásítì tí ó yàn sì fi í sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí. Ó gbà, kò sì gbà. Ó ń lọ sí kíláàsì, ṣùgbọ́n ìdánwò JAMB ti ọdún tí ń bọ̀ ni ó ń kàwé fún. Ọdún méjì gbáko ni ó fi ṣe èyí. Nígbà tí yóò fi jọ̀wọ́ JAMB sílẹ̀, kọ́ọ̀sì tí ó ti fìdí rẹmi nínú wọn kò ṣeé kà tán ní ẹ̀ẹ̀kan. Ní ọdún 2011, ó jáde pẹ̀lú 2.31 nínú 5. Ní ètò ti àwọn yunifásítì wa, ẹni tí máàkì rẹ̀ wà láàrin 1.50 sí 2.39 wà ní ipò kẹta, láti 2.40 ni ipò kejì ti ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Máàkì 0.09 péré ni ó kù tí ìbá fi kúrò ní ipò kẹta.

Ó ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó sì wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, kò sì fẹ́ dìde. Ó ní, 'Dádì Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bẹ Dádì. Iṣẹ́ dókítà náà ni mo ṣì fẹ́ ṣe.'

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò fi bọpo bọyọ̀. Ó ní, 'Ẹni tí kò lè gbé garawa, ṣé àgbá ni ẹ fẹ́ gbé rù ú?' Lẹ́yìn náà ni ó bi mí ní ìbéèrè kan tí ó wúwo ju èyí lọ. Ó ní bí àìsàn bá gbé òun dé ilé ìwòsàn lóru, ṣé ẹni tí ó ṣe ipò kẹta ni mo fẹ́ kí ó wá dúró ti òun lórí bẹ́ẹ̀dì?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sọ pé ọ̀rọ̀ líle ni bàbá sọ sí ọmọ rẹ̀. Ní tèmi, mo gbà pé ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí lè dáhùn rẹ̀. Ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe àánú ọmọ ẹni. Bí ìfẹ́ iṣẹ́ nìkan bá tó, gbogbo ẹni tí ó bá ti fẹ́ràn ọkọ̀ òfúrufú ni ìbá máa wà á. Èsì tí mo fún ẹ̀gbọ́n mi ni pé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni a ti ń dáàbò bo aláìsàn. Inú ilé ni. Ẹni tí ó bá wọlé yóò bá ìdánwò pàdé nípa ẹ̀yà ara, nípa bí ara ti ń ṣiṣẹ́, àti nípa kẹ́mísírì inú ara, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó fi ọwọ́ kan aláìsàn rárá. Yóò tún bá òmíràn pàdé nípa oògùn àti àrùn, àti òmíràn lẹ́yìn náà lórí iṣẹ́ abẹ, ìgbẹ̀bí àti ìtọ́jú ọmọdé. Oyè MBBS ní ilẹ̀ yìí kò ní ipò kìn-ín-ní tàbí ipò kẹta. Ẹni tí kò bá yege nínú ìdánwò yóò tún un ṣe, ẹni tí kò bá sì yege lẹ́yìn èyí, wọn yóò dá a padà sẹ́yìn tàbí kí wọ́n ní kí ó máa lọ ilé rẹ̀. 2.31 kò lè bá ẹnikẹ́ni wọ inú yàrá ìdánwò wọ̀nyí láti bá a kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dí i lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, 'Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣe ní èyí tí kò ṣe tẹ́lẹ̀?' Èyí gan-an ni ìbéèrè tí ó yẹ.

Mo ní kí ọmọ náà mú ìwé máàkì rẹ̀ wá, láti ọdún kìn-ín-ní dé ọdún kẹrin. A tẹ́ ẹ sórí tábìlì, a sì kà á ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí a ń ka ewì ní kíláàsì. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé mi ṣàkíyèsí nìyí. 2.31 jẹ́ àròpọ̀ tí a pín. Bí ọbẹ̀ tí a ti lọ̀ pọ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò lè mọ ata yàtọ̀ sí tòmátì nínú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé máàkì ń sọ ìtàn. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, tí ó ń lépa JAMB, máàkì rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní ọdún kẹta ó gbé orí sókè díẹ̀. Ní ọdún kẹrin, A àti B ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, A sì ni iṣẹ́ ìwádìí tí ó fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìfẹ́ ìṣègùn gan-an ni ó ba oyè rẹ̀ jẹ́. Inú ọmọ náà dùn nígbà tí a rí èyí, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n a tún wò ó síwájú sí i, a sì rí ohun kejì tí kò dùn mọ́ ọn. Láti ọdún kìn-ín-ní dé ọdún kẹrin, gbogbo kọ́ọ̀sì tí ìṣirò bá ti wà nínú rẹ̀ ni ó ti ṣubú: fisíìsì, apá kẹ́mísírì tí ó ní ìṣirò nínú, àti ìmọ̀ ìṣirò ìwádìí. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi JAMB. Àkọ́sórí ni ó fi ń kàwé, ìṣirò kò sì gba àkọ́sórí.

Nínú ètò tiwa, ọ̀nà méjì ni ó wà fún ẹni tí ó ti gboyè tí ó sì fẹ́ kọ́ ìṣègùn. Èkínní ni Direct Entry, níbi tí wọ́n ti ń wo oyè tí ènìyàn ní kí wọ́n lè fi í sí ọdún kejì. Ọ̀nà yìí ṣòro fún ẹni tí ó wà ní ipò kẹta, nítorí pé àwọn tí ó wà ní ipò kìn-ín-ní àti ipò kejì ti òkè ni wọ́n ń du àyè díẹ̀ tí ó wà níbẹ̀. Èkejì ni kí ó padà lọ ṣe ìdánwò UTME ti JAMB pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀, bí ẹni tí kò rí yunifásítì rí. Ìbéèrè 180 ni: 60 lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 lórí fisíìsì, 40 lórí kẹ́mísírì, 40 lórí bàọ́lọ́jì, máàkì rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ 400. Láti ọdún 2005 ni àwọn yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdánwò tiwọn lé e. Nínú ìṣirò gbogbo èyí, kò sí àyè kankan fún oyè àtijọ́. Ìlẹ̀kùn yìí jẹ́ ìlẹ̀kùn tí ó ń gbàgbé.

Gbogbo ènìyàn ni ó rò pé oore ni ìgbàgbé yìí jẹ́. Oore ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, tí wọ́n ń ka ìwé kan náà ní ọ̀nà kan náà, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà tí ó kọjá. Ẹni tí ìlẹ̀kùn bá gbàgbé àṣìṣe rẹ̀ fún un, ó rọrùn fún òun náà láti gbàgbé rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò gbàgbé. Ó gba iṣẹ́ olùkọ́ bàọ́lọ́jì ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan, ó sì bẹ olùkọ́ fisíìsì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ pé kí ó máa kọ́ òun ní ìrọ̀lẹ́. Láti orí ìwé ọdún kìn-ín-ní girama àgbà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ti gboyè jókòó ti ìwé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kò tijú. Ní ọdún 2013 ó gba 221, kò tó. Ní ọdún 2014 ó gba 254, kò tó síbẹ̀. Ní ọdún 2015 ó gba 283, yunifásítì kan sì gbà á. Ó ti di ẹni ọdún 26 nígbà náà. Àwọn ọmọ ọdún 17 ni wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì. Àǹtí ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́fà náà sì di ọdún mẹ́jọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọdún 2020, àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19 àti ìyanṣẹ́lódì àwa olùkọ́ yunifásítì ti ilé-ẹ̀kọ́ pa láti oṣù kẹta títí fi di ìparí ọdún. Ní ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì mìíràn tún gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá. Ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò lórí oògùn, ó sì tún un ṣe. Nígbà tí ó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò sunkún. Ó ní, 'Mo ti wo ìwé náà sà. Ibi tí mo ti ṣì í, mo ti mọ̀ ọ́n.' Ọ̀rọ̀ yìí ni ó fi dá mi lójú pé yóò di dókítà. Ní ọdún 2023 ni ó búra iṣẹ́ náà, bàbá rẹ̀ sì wọ aṣọ òkè.

Ọmọ kejì kò gbé ní ilẹ̀ yìí. Ọmọ àbúrò mi ni, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ní ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí àwọn Yorùbá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ra èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí láì rìn jìnnà. Ìfẹ́ orúkọ dókítà bá àwọn ènìyàn wa wọ ọkọ̀ òfúrufú. Kò sì dín kù lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn oyè àkọ́kọ́ ni ènìyàn ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ọdún mẹ́rin sì ni. Máàkì oyè àkọ́kọ́ náà, tí wọ́n ń pè ní GPA, ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, 4.0 ni òkè rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń gbà wọlé ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àárín máàkì wọn ju 3.7 lọ. Ọmọ àbúrò mi jáde ní ọdún 2010 pẹ̀lú 2.7.

Kò sí JAMB tí yóò bá a nù ún nù. Gbogbo máàkì tí ènìyàn bá gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó bá lọ ni ó gbọ́dọ̀ fi hàn, wọn yóò sì rò wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ti ka kọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ 120 yúníìtì, tí GPA rẹ̀ sì jẹ́ 2.7, àròpọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 324. Bí ó bá wá padà lọ ka yúníìtì 40 mìíràn, tí ó sì gba A nínú gbogbo rẹ̀ láìyẹsẹ̀, 160 ni yóò fi kún un. Àròpọ̀ rẹ̀ di 484. Bí a bá fi 160 pín in, ohun tí a óò rí ni 3.03 péré. Ọdún kan ààbọ̀ tí ènìyàn kò fi ṣe àṣìṣe kankan kò gbé e dé ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ìlẹ̀kùn tí kì í gbàgbé nìyí. Ohun tí ọmọ ọdún 18 ṣe ń tẹ̀lé e bí òjìji.

Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn náà kò tì pátápátá, nítorí pé àwọn tí ń ka ìwé máàkì níbẹ̀ máa ń wo bí ó ti ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, kì í ṣe àròpọ̀ rẹ̀ nìkan. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní post-baccalaureate, níbi tí ẹni tí ó ti gboyè ti lè padà ka àwọn kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì. Ọmọ náà kà wọ́n ní alẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ìdánwò àbáwọlé tí wọ́n ń pè ní MCAT tún wà, èyí tí máàkì rẹ̀ láti ọdún 2015 bẹ̀rẹ̀ láti 472 dé 528. 500 ni agbedeméjì rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń gbà wọlé ń gba nǹkan bí 511. Ó gba 509. Ọ̀wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kejì sì wà, èyí tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ DO. Andrew Taylor Still ni ó dá àkọ́kọ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Kirksville ní ọdún 1892. Dókítà tí ó bá jáde níbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ṣe iṣẹ́ ìṣègùn ní gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà bíi ti àwọn tí ó ní oyè MD. Títí di ọdún 2017, bí ènìyàn bá tún kọ́ọ̀sì kan kà, máàkì tuntun ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ń lò dípò ti àtijọ́. Wọ́n ti fòpin sí èyí báyìí, ṣùgbọ́n ó bá ọmọ wa láàyè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kàn mí ni ìwé àlàyé ara ẹni tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ kọ. Ọmọ náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun wò ó, lẹ́yìn tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí ti dá a lóhùn pé rárá. Gẹ̀ẹ́sì tó jíire ni, ṣùgbọ́n àwọn gbólóhùn rẹ̀ kò ní olùṣe. Ìpèníjà dé. Àwọn máàkì kan kò rí bí ó ti yẹ. A dojú kọ àwọn ipò kan. Ta ni ó ṣe kí ni? Kò sí níbẹ̀. Mo pè é lórí tẹlifóònù, mo ní kí ó gbàgbé ìwé náà, kí ó sọ fún mi ní èdè Yorùbá, bí ìgbà tí ó ń sọ fún ìyá àgbà rẹ̀, ìdí tí ó fi ní 2.7. Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀. Ó ro ó díẹ̀, ó ní, 'Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe. Mo máa ń sùn ní kíláàsì.'

Mo ní kí ó kọ ìyẹn. Gbogbo ìtàn náà wà nínú gbólóhùn méjèèjì. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní ọdún 2008, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀. Ọmọ náà ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru kí owó ilé lè pé. Nígbà tí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, láì bẹ̀bẹ̀, láì fi ṣe ẹjọ́, ẹni tí ó kà á rí ohun méjì: ìdí tí ó fi ṣubú, àti pé ìdí náà gan-an ti fi í sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ilé-ẹ̀kọ́ DO kan gbà á ní ọdún 2017, ó sì jáde ní ọdún 2021.

Kì í ṣe pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ní ibi ìfarapamọ́. Tiwa náà ní in. A máa ń sọ pé ìdánwò ni ó gbé ènìyàn, bí ẹni pé àgbàrá ni. Ṣùgbọ́n a tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó dára ju èyí lọ: a ní ènìyàn fìdí jánlẹ̀. Ẹ wo àwòrán inú rẹ̀. Ẹni tí ó fìdí jánlẹ̀ kò kú, kò sì sọnù. Ó jókòó sílẹ̀ ni. Ẹni tí ó jókòó ní àyè láti yí ọrùn padà wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ayé àwọn baba wa, ìmọ̀ ìwòsàn kò ní àròpọ̀ máàkì. Ọmọ awo tí ó ń kọ́ Ifá ní Odù 256 níwájú rẹ̀; láti orí Ogbè Méjì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tètè mọ èyí tí wọ́n kọ́ ọ, ọ̀gá rẹ̀ yóò jẹ́ kí ó pẹ́ lórí rẹ̀ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ó bá yege, ohun tí ó mọ̀ lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà awo ń bi í. Ẹnikẹ́ni kì í fi àìmọ̀kan ọdún kìn-ín-ní rẹ̀ pín ìmọ̀ ọdún kẹwàá. N kò sọ pé kí yunifásítì di ilé awo. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí àwa tí a ń fi ìṣirò ṣe ìdájọ́ ọmọ ènìyàn rántí.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà òyìnbó àkọ́kọ́ láàrin wa kò gba ọ̀nà tààrà tán. Oguntola Sapara, tí wọ́n bí ní ọdún 1861, ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó sì ti ṣiṣẹ́ nídìí ìpo oògùn ní Èkó kí ó tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1895 ni ó gba ìwé-ẹ̀rí oníṣègùn, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tí ó bá ń tijú pé òun ti dàgbà jù kí ó rántí bàbá yìí.

Ọmọ kẹta ni ó kù, n kò sì gbọdọ̀ fi tirẹ̀ pamọ́, nítorí pé ìtàn àwọn tí ó wọlé nìkan kì í ṣe òtítọ́ tán. Bàbá rẹ̀ ni ó mú un wá, òun pẹ̀lú ipò kẹta nínú kẹ́mísírì inú ara. Bàbá ni ó ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ń wo ilẹ̀. A tẹ́ ìwé máàkì rẹ̀ náà sórí tábìlì. Nínú ohun gbogbo tí ó jẹ mọ́ ara ènìyàn, D ni, E ni. Nínú ìṣirò ìwádìí àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, A ni. Nígbà tí bàbá jáde lọ kí ìyàwó mi, mo rọra bi ọmọ náà léèrè ẹni tí ó fẹ́ di dókítà. Ó ní, 'Dádì ni sà.'

Kò di dókítà. Ó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ó gba bàbá rẹ̀ ní ọdún méjì kí ó tó lè sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà láwùjọ. Òun náà wo ẹ̀yìn. Ohun tí ó rí ni pé ọ̀nà ẹlòmíràn ni òun ń tọ̀ tí òun fi kọsẹ̀. Èmi kò ka èyí sí ìfìdíjánlẹ̀. Bí ó bá ti tẹ̀ síwájú, owó ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fẹ́ tà ìbá ti lọ, ọdún mẹ́fà ìbá ti lọ, àwọn aláìsàn kan ìbá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ràn wọn.

Nítorí náà, bí òbí kan bá mú ọmọ tí oyè rẹ̀ kò dára wá bá mi lónìí pé dókítà ni ó fẹ́ dà, n kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ JAMB tàbí ti òkè òkun. N kì í sọ pé ó ṣeé ṣe, n kì í sì í sọ pé kò ṣeé ṣe. Ìwé máàkì ni mo ń béèrè. Mo sì máa ń sọ fún òbí pé kí ó má tíì ta ilẹ̀. Ta ni ó fẹ́ iṣẹ́ náà? Níbo gan-an ni ọmọ ti kọsẹ̀? Kí ni yóò ṣe ní èyí tí kò ṣe tẹ́lẹ̀, oṣù mélòó ni yóò sì fi ṣe é kí ó tó san owó ìdánwò kankan? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí láìṣe pé ẹnìkan ń sọ ọ́ sí i lẹ́nu ti kúrò ní ọmọdé tí ń wo iwájú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo lè gbà kí ó dúró ti èmi náà lórí bẹ́ẹ̀dì, ohunkóhun tí ìbáà wà nínú ìwé àtijọ́ rẹ̀.